Fèrèsé Tí A Ní Kó Lọ Kọ́lé

Ẹjọ́ mi ni mo fẹ́ rò yìí o. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹjọ́ àbúrò mi ni, ẹ má gbà á gbọ́. Èmi Àyìnkẹ́ tí mò ń ṣáàjì fóònù l'Ókè-Onígbìn, lábẹ́ igi mángòrò tó wà lẹ́nu ọjà, èmi ni mo la ẹnu mi sọ ọ́. Àwọn yòókù kàn kín in lẹ́yìn ni.

Jẹnẹrétọ̀ mi ń pariwo, ẹ fara dà á fún mi. Ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Ọláṣẹ̀hìndé ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n bí i ni bàbá wa kú, lọ́dún 1986. Èmi wà ní ìwé mẹ́fà nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ta ni yóò san owó ìwé? Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀hìndé, a tì í títí. Èmi àti Màámi tì í dé ilé ẹ̀kọ́ gíga n'Ílọrin. Ibẹ̀ ló ti pàdé Lawrence, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Àwọn méjèèjì gba ṣọ́ọ̀bù kan tí kò tó bí yàrá adìyẹ, fáànù kan, tábìlì méjì, wọ́n ní àwọn ń ṣe bùráúsà.

Ẹ mọ bùráúsà? Ohun tí èèyàn ń ṣí lórí fóònù kó tó rí ayé ni. Ìròyìn o, èsì ìdánwò o, iye tí iṣu ń lọ l'Ájàṣẹ́-Ìpo o, inú rẹ̀ lẹ ó ti rí i. Tiwọn, Fèrèsé ni wọ́n sọ ọ́. Kì í jẹ dátà, fóònù kékeré lásán gbé e. Èyí tó wá yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ń kàwé fún èèyàn. Tí o kò bá mọ̀wé, o kàn máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á máa kà á fún ọ ní Yorùbá. Nítorí Màámi ló ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohùn ta ni wọ́n fi sí i? Ẹ ti mọ̀. Ṣẹ̀hìndé ní kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ bíi tèmi kí ẹnu má rẹ̀ ẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó síwájú ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí wọ́n ń ní kí n sọ "bá," kí n sọ "bà," kí n sọ "ba." Lawrence á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Àǹtí, ẹ dín in kù díẹ̀, bùráúsà là ń ṣe o, a ò ṣe ìpolówó ọjà."

Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, ohùn mi wọ inú fóònù àwọn èèyàn. Mo ń lọ lọ́nà oko, mo ń gbọ́ ara mi nínú àpò aṣọ àgbẹ̀. Fulera wà tó ń ta kúlíkúlí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ará ọ̀nà Ṣàárẹ́ ni, ọkọ ló gbé e wá síhìn-ín. Kò mọ á kò mọ bí. Ọjọ́ tí èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ Fèrèsé, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe gbọ́ ọ tán, ó sáré wá dì mọ́ mi. "Àyìnkẹ́, ìwọ lo sọ fún mi pé ọmọ mi yege!" Mo ní, "Èmi kọ́, fóònù ni." Ó ní, "Irọ́ ni, ìwọ ni."

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé n kò gba owó ṣáàjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Gbogbo fóònù ló ní ohun kan nísàlẹ̀ pátápátá tó ń darí rẹ̀, tó ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ pé fóònù lòun. Ìpìlẹ̀ ni Ṣẹ̀hìndé ń pè é. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni Fèrèsé ń gbé, kò lè dá dúró. Àwọn òyìnbó ló ni ìpìlẹ̀. Tí wọ́n bá ti tún nǹkan ṣe níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, Fèrèsé á ti yadi. Àwọn èèyàn á wá bú mi lábẹ́ igi mángòrò bíi pé èmi ni mo di ẹnu. Lawrence àti Ṣẹ̀hìndé á tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Oṣù mélòó kan sí i, òyìnbó á tún dé. Ó sú Ṣẹ̀hìndé.

Ọdún 2014 la wà yẹn. Epo rọ̀bì ṣì ń tà, owó ṣì wà níta. Àwọn oníléeṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń kó fóònù wọlé ránṣẹ́ sí wọn pé àwọn fẹ́ fi Fèrèsé sínú gbogbo fóònù tí àwọn bá ń tà. Kí wọ́n kàn máa mójú tó o ni, kí ó má máa yadi. Lawrence ní ká gbà á lójú ẹsẹ̀. Ṣẹ̀hìndé ní rárá o, òun fẹ́ ṣe ìpìlẹ̀ tirẹ̀, fóònù tó máa jẹ́ tiwọn láti ìsàlẹ̀ dókè, tí òyìnbó kankan ò ní lè lé wọn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le títí, wọ́n bá gbé e wá sílé ní Mọ́ńdè Àjíǹde.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibi tá a jókòó sí, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iwájú ilé bàbá bàbá wa ni, ilé alámọ̀. Ní ọ̀ọ́kán wa ni ilé tí bàbá wa ń kọ́ nígbà tó kú. Káfíńtà ni, Ìlọrin ló ti ń ṣiṣẹ́. Ayé owó epo ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà, lọ́dún 1979, nígbà tí gbogbo ọmọ ìlú tó wà ní ìdálẹ̀ ń wá kọ́lé sílé. Nígbà tí nǹkan le, ó dúró lórí lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, níbi tí òrùlé yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí dòní. Igi ìbẹ́pẹ ti hù nínú pálọ̀, àwọn ewúrẹ́ ń bímọ sí yàrá. Ojú fèrèsé mẹ́jọ, kò sí fèrèsé kan níbẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, inú ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí bíi ọmọdé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ: "Káfíńtà yẹn, ṣọ́ọ̀bù onílé ló lo ayé rẹ̀ sí." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú wa nìyẹn.

Àbúrò bàbá wa, Bàbá Bùkárì, ni olórí ilé. Ṣẹ̀hìndé dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé títí. Bàbá Bùkárì ń tòògbé lọ, àfi ìgbà tó gbọ́ "ìpìlẹ̀."

"Ìpìlẹ̀ wo? Ilé lo fẹ́ kọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ti fóònù ni."

"Èyí tí o wà lórí rẹ̀ báyìí, ta ló ni ín?"

"Àwọn òyìnbó ni, sà."

"Tí wọ́n bá ní kí o jáde ńkọ́?"

"Màá jáde, sà."

"Háà! Ayálégbé ni ẹ́!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣẹ̀hìndé gan-an rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Lawrence náà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi. Ohun tí a ṣe yìí, fèrèsé ni. Ibi tí ògiri bá wà ni fèrèsé ń gbé, kò wá ilé ara rẹ̀. Tí a bá ní ká máa kọ́lé, ta ni yóò máa mójú tó fèrèsé? Àwa méjì péré ni, sà. Àwọn tó ṣe èyí tí à ń lò, wọ́n tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún."

Bàbá Bùkárì wò ó. "Ìwọ ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Bàbá rẹ kọ́lé?"

"Ó kọ́ ọ, sà."

"O ò rí i! Ẹni tó ń sùn lábẹ́ páànù bàbá rẹ̀ ló ń sọ fún ọmọ ẹlòmíì pé ilé kò ṣe pàtàkì."

A tún bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kí àwọn méjèèjì padà lọ máa bá ara wọn jà n'Ílọrin. Ṣẹ̀hìndé ò tíì pinnu. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Àǹtí mi, kí lẹ rí sí i?"

Èmi nìkan ló bi.

Mo na ọwọ́ sí ọ̀ọ́kán. Mo ní, "Ṣẹ̀hìndé, wo ibẹ̀ yẹn. Bàbá wa fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ohun tó fi sílẹ̀ fún wa nìyẹn. Ṣé ìwọ náà fẹ́ kú ní ayálégbé?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màámi ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, ó wo ilé yẹn, ó tún padà sórí ẹ̀gúsí rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ ọ́ lára. Ó wọ̀ ọ́ lára lóòótọ́, kì í kàn ṣe bí mo ṣe rò ni.

Lawrence ò dúró jẹ ìrẹsì. Bó ṣe fẹ́ gun ọ̀kadà, ó ní, "Àǹtí, ohùn yín ló wà nínú nǹkan yẹn o. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ dáadáa." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Lawrence, lọ kọ́lé!"

Bí Ṣẹ̀hìndé ṣe kọ̀wé sí àwọn ará Èkó pé òun ò ṣe mọ́ nìyẹn.

Ìgbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ẹ rántí. Dọ́là gbéra sọ, kò wálẹ̀ mọ́. Ìjọba ò san owó oṣù, tíṣà ń wá rawọ́ ẹ̀bẹ̀ kí n bá òun ṣáàjì láwìn. Àwọn nǹkan tí Ṣẹ̀hìndé nílò, òkè òkun ni gbogbo wọn ti ń wá. Lọ́dún 2015, òyìnbó tún ìpìlẹ̀ wọn ṣe, Fèrèsé yadi. Lawrence nìkan ló tún un ṣe. Ó tún yadi, Lawrence tún dá a ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ríṣẹ́ s'Ékòó. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yà kí mi lábẹ́ igi mángòrò kó tó lọ, ó ní kí n máa bá òun wo ọ̀rẹ́ òun, pé kì í jẹun.

Ìgbà kẹta tó yadi, lọ́dún 2016, kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Fulera ló kọ́kọ́ wá. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Àyìnkẹ́, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí o ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́?"

Mo fi yẹ̀yẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ọjọ́ kejì, àgbẹ̀ méjì wá. Ọjọ́ kẹta, mi ò lè ka iye wọn. Mo pe Ṣẹ̀hìndé.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, tún un ṣe fún wọn. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Àǹtí mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tiwa. Tó bá parí, kò ní yadi mọ́ láéláé."

"Kó tó parí ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. "Èèyàn kì í máa kọ́lé tirẹ̀ lọ́wọ́ kó tún máa tún ilé onílé ṣe. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ mi ni.

Díẹ̀díẹ̀, wọ́n yọ Fèrèsé kúrò nínú fóònù wọn. Àwọn tó mọ̀wé lọ sórí bùráúsà mìíràn. Àwọn tí kò mọ̀wé padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń gba ojú ọ̀nà oko kọjá, mi ò gbọ́ ara mi mọ́.

Ṣẹ̀hìndé wálé ní Kérésì ọdún 2017. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, èmi tí mo gbé e pọ̀n, mi ò tètè dá a mọ̀. Ó ti gbẹ bí pákó. Ó ní kí gbogbo wa jókòó. Ibi kan náà la jókòó sí, ilé alámọ̀ lẹ́yìn, ilé aláìlórùlé níwájú. Ó yọ fóònù kan nínú aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́. A dúró. Màámi bó odidi iṣu kan tán, a ṣì ń dúró. Ojú fóònù náà wá tàn, ohùn mi sì jáde níbẹ̀, kedere:

"Ẹ káàárọ̀ o. Ilé yín rèé."

A pariwo! Ọ̀sán gangan ni, ó ń kí wa káàárọ̀, ta ló bìkítà? Bàbá Bùkárì dìde, ó jó. "Ọmọ mi ti kọ́lé! Ó yá, pe ọmọ mi tó wà ní Kàdúná."

"Kò tíì lè pe èèyàn, Bàbá."

"Kò burú. Jẹ́ kó ka ìròyìn fún wa."

"Fèrèsé kò tíì lè wọ inú rẹ̀, sà."

"Kí ló wá lè ṣe?"

Ṣẹ̀hìndé wo fóònù náà. "Ó lè kí yín."

Bàbá Bùkárì rọra jókòó. Ṣẹ̀hìndé wá ṣàlàyé fún wa pé àwọn tó ṣe egungun fóònù, irin inú rẹ̀, àwọn ló ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí ìpè ń gbà, wọn ò sì fún òun. Pé òun rò pé òun ti kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀, àṣé ilẹ̀ mìíràn ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó fi ojú tọ́ka sí ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Mo kọ́ ọ dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì."

Ìgbà yẹn ni Màámi fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Bàbá yín ní maṣíìnì kan," ó ní. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Maṣíìnì tó ń fá pákó. Láti Òró, láti Èsìẹ́, wọ́n ń gbé pákó wá bá a n'Ílọrin. Ṣọ́ọ̀bù onílé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kún. A ń jẹ, a ń yó."

Bàbá Bùkárì ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Maṣíìnì yẹn ló bàjẹ́ tí nǹkan fi dojú rú."

"Kò bàjẹ́. Ó tà á."

"Ó tà á?"

"Ó fi ra búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ayálégbé ní gbogbo ọdún iléyá, ní gbogbo Kérésì, ló bá lọ ta á. Ilé yẹn ni maṣíìnì náà. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì wọ́n, kò ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ní ilé. Ó ní kí n máa sọ pé ó bàjẹ́. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi òkú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà."

Ẹ̀yin èèyàn, mo yíjú sí i. Mo ní, "Màámi, ọjọ́ Àjíǹde yẹn ńkọ́? Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún un."

Ó wá wò mí. "Ọ̀rọ̀ fóònù lẹ ń sọ. Mo ní ó ṣe é ṣe kó má jọra. Èmi ò mọ̀wé. Kò sì sẹ́ni tó bi mí."

Bàbá Bùkárì fa fìlà bo ojú rẹ̀. Ṣẹ̀hìndé dìde, ó rìn lọ sínú ilé bàbá wa, ó lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà, ó dúró lójú ọ̀kan nínú àwọn fèrèsé yẹn, ó na ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù mú bíi pé ó ń wọ̀n ọ́n. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bàbá tí kò rí rí nìyẹn. Nígbà tó padà dé, ó fi fóònù náà sí mi lọ́wọ́.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi ṣáàjì rẹ̀."

Kò padà wá gbà á.

Ó ń pààrọ̀ gíláàsì fóònù fún àwọn èèyàn n'Ílọrin báyìí, lábẹ́ agboòrùn. Ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dárúkọ Fèrèsé, á bi mí bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Àǹtí mi, kí lẹ ṣe?" Ká ní ó bú mi ni, ì bá dára jù.

Àràárọ̀ tí mo bá tan jẹnẹrétọ̀, fóònù yẹn ni mo kọ́kọ́ ń ki wáyà bọ̀, kó tó kan ti àwọn oníbàárà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tàn, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ilé yín rèé." Fulera gbọ́ ọ. Ó da kúlíkúlí sílẹ̀, ó sáré wá, ó gbé e mọ́ etí.

"Àyìnkẹ́! O ti padà!"

Ó gbé fóònù tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọmọ han ìyá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó yege ìdánwò lọ́jọ́sí ló kọ̀wé sí i láti ibi tó wà. "Kà á fún mi. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀." Ó ń dúró. Fóònù náà ò sọ nǹkan kan mọ́. "Kà á, jọ̀ọ́."

Mo gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa jẹnẹrétọ̀ kí ariwo lè dínkù. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo gbé e jìnnà sí ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara mi kà á fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mò ń ṣì í kà, mò ń padà sẹ́yìn, ó sì ń mi orí.